Àríyànjiyàn Tó Sọ Ikú Bíṣọ́ọ̀bù Di Ìtàn

Ní ọjà Beresford Square, ní Woolwich, ẹnubodè àtijọ́ Royal Arsenal ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ọdún 1829 ni wọ́n kọ́ ọ. Orúkọ Ọ̀gágun William Carr Beresford, tó ń ṣàkóso ohun ìjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ni gbàgede náà ń jẹ́. Ìbọn ńlá àti ẹ̀tù ni ìlú yìí fi lókìkí. Àmọ́ ogun tí mo fẹ́ sọ ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kò sì sí ìbọn nínú rẹ̀ rárá. Odò Thames tó wà lẹ́yìn ẹnubodè yẹn ni ọkọ̀ ogun àwọn ará Denmark gbà gòkè lọ sí Greenwich, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó ìkógun wọn sí.

Ẹni tó lórúkọ jù lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni Ælfheah, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury. Oṣù September 1011 ni Canterbury bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn Saxon, ìyẹn àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ti ń fi owó bẹ àwọn ará Denmark. Ní 1012, ìjọba Ọba Æthelred san 48,000 pọ́ùn fún wọn. Wọ́n ní ti bíṣọ́ọ̀bù ò sí nínú ìyẹn, kí wọ́n san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ælfheah kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ lórí òun. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ìjọ ni ìbá forí fá a, ọwọ́ wọn sì ti gbẹ. Ẹni tí àwọn ajínigbé bá ti pè rí lórí fóònù, nítorí èèyàn rẹ̀ tí wọ́n gbé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ ṣe wúwo tó.

Ní ọjọ́ 19 oṣù April 1012, wáìnì pa àwọn jagunjagun náà yó. Wọ́n wọ́ Ælfheah wá síbi àpéjọ wọn, wọ́n ń sọ egungun àti orí màlúù lù ú, títí ọ̀kan fi fi ẹ̀yìn àáké gbá a lórí. Thietmar, bíṣọ́ọ̀bù Merseburg ní Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà pé Thorkell, ọ̀kan nínú olórí wọn, bẹ̀ wọ́n: ó ní òun yóò fi wúrà, fàdákà àti gbogbo ohun ìní òun gbà á sílẹ̀, àyàfi ọkọ̀ òun. (Jagunjagun orí omi, ta ní fẹ́ fi ọkọ̀ tọrẹ?) Wọn ò gbọ́. Lọ́dún náà gan-an, ọkọ̀ 45 ya lọ bá Æthelred, Thorkell sì wà nínú wọn.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọdọọdún àwọn Saxon ò fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Àríyànjiyàn ló sọ ọ́ di ìtàn. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Lanfranc, ọmọ Ítálì, di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury. Kò dá a lójú pé ó yẹ kí wọ́n máa pe Ælfheah ní ajẹ́rìíkú: ṣebí ọ̀rọ̀ owó ló pa á, kò sẹ́ni tó ní kó sẹ́ Kristi. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ Anselm, mọ́ńkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i. Anselm ní ẹni tó yàn láti kú dípò kó ni àwọn èèyàn rẹ̀ lára, òdodo ló kú fún, ẹni tó bá sì kú fún òdodo, Kristi ló kú fún. Lanfranc gbà. Ó wá ní kí Osbern, mọ́ńkì kan ní Canterbury, kọ ìtàn ìgbésí ayé Ælfheah.

Nǹkan bí àádọ́rin ọdún ti kọjá nígbà náà. Osbern ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ó fi ọ̀rọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù lẹ́nu, ó sì mú Sátánì wọlé ní àwọ̀ áńgẹ́lì láti tàn án jáde kúrò lẹ́wọ̀n. Mi ò bá a jà. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwa náà: Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, ti inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, kì í ṣe ti inú ìwé òpìtàn Samuel Johnson.

Ọ̀nà mìíràn ni Bernard Cornwell, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, gbà dé ìdí irú ìtàn yìí. Alágbàtọ́ ló tọ́ ọ ní Essex. Ó ti dàgbà kó tó pàdé bàbá tó bí i, William Oughtred, ní Kánádà. Bàbá yìí fi ìlà ìdílé wọn hàn án dé ọ̀dọ̀ Uhtred, olúwa Bebbanburg láyé àwọn Saxon. Láti ibẹ̀ ni Uhtred inú The Last Kingdom (2004) ti wá. Ìwé náà bí òmíràn títí ó fi pé 13 ní 2020, wọ́n sì fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n. Ayé Ọba Alfred, ní ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ikú Ælfheah, ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ ẹni tó kọ̀ kí wọ́n sanwó lórí òun wú mi lórí ju ẹni tó ń fi idà la ọ̀nà lọ.

Ìjọ St Alfege (bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ Ælfheah lóde òní) wà ní Greenwich, níbi tí wọ́n gbà pé wọ́n ti pa á. Nicholas Hawksmoor ló ya àwòrán ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn tí òrùlé ti tẹ́lẹ̀ wó ní 1710. Ẹ̀yin ará Woolwich àti Thamesmead, bọ́ọ̀sì 177 ń lọ síbẹ̀. Ẹ lọ wò ó.