Ìrẹsì Tó Ń Lẹ̀ àti Máńgòrò

Orílẹ̀-èdè kan wà ní Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Tháílàndì. Ó jìnnà sí Kétu àti Àjàṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n oòrùn mú níbẹ̀ pẹ̀lú. Máńgòrò ń so níbẹ̀. Àgbọn ń so níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ sì ń gbin ìrẹsì púpọ̀. Ohun mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ dídùn kan. Orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ni khao niao mamuang. Oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù, nítorí ìgbà náà ni máńgòrò pọ̀.

Ìrẹsì rẹ̀ kì í tú bí èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà Kétu. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n tilẹ̀ lè fi ọwọ́ bu òkèlè rẹ̀, bí ẹni ń jẹ iyán.

Oúnjẹ yìí dára fún àwọn ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ohun kan tó ń jẹ́ glúténì sì wà nínú àlìkámà. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò máa fà. Ṣùgbọ́n ó ń pa ìfun àwọn ọmọ náà lára. Inú á máa run wọ́n, wọ́n á sì máa rù. Bí wọ́n bá gbé àkàrà òyìnbó wá níbi àríyá, ọmọ náà á kàn máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìyẹn kò dùn rárá! Ìrẹsì kò ní glúténì, bó ti wù kó lẹ̀ tó. Máńgòrò àti àgbọn kò ní in.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ náà? Ìyá tó fẹ́ sè é á fọ ìrẹsì ní alẹ́, á sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Ní òwúrọ̀, á da omi náà nù. Á kó ìrẹsì sínú apẹ̀rẹ̀ oparun, á sì gbé e lé ẹnu ìkòkò tí omi ti ń hó. Omi kò gbọdọ̀ kan ìrẹsì. Èéfín omi ló ń sè é jinná. Àwọn tó ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Lẹ́yìn náà, á rin àgbọn, á pò ó mọ́ omi díẹ̀, á sì fún oje funfun rẹ̀. Omi inú àgbọn kọ́ o! Á gbé oje náà kaná, á fi ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn ló ń mú kí adùn rẹ̀ yọ.

Ìrẹsì gbọ́dọ̀ gbóná nígbà tí wọ́n bá da oje lé e. Bó bá ti tutù, kò ní mu oje náà dáadáa. Wọ́n á dé e fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ó wá ku máńgòrò. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé búrẹ́dì kò gbọdọ̀ kàn án, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ náà. Ẹ̀rúnrún búrẹ́dì díẹ̀ péré lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Wọ́n á bó máńgòrò tó ti pọ́n, wọ́n á gé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, wọ́n á sì da oje àgbọn tó ki lé e lórí.