Bí A Lé Àlejò, Ǹjẹ́ Iṣẹ́ Pọ̀ Sí I?

Ìgbàkígbà tí ọjà bá tutù tí iṣẹ́ sì wọ́n nínú ìlú, àwọn àlejò ni a kọ́kọ́ máa ń nàka sí. A ó gbọ́ pé àwọn ni wọ́n gba iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀, pé àwọn ni wọ́n sì kó olè wọ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun létí wa. Ìran Yorùbá ti jìyà rẹ̀ rí, ìjọba orílẹ̀-èdè wa náà sì ti fi í jẹ ẹlòmíràn níyà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ǹjẹ́ ara tu àwọn onílé bí? Rárá o. Àwọn àgbẹ̀ kòkó kò rí alágbàṣe tó mọ́, nítorí àjèjì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bá wọn roko. Nígbà tí ọdún 1971 ń parí lọ, ìjọba náà dín iye owó sídì kù gidigidi. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn ológun fi gba ìjọba.

Ó wá kàn wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tí ó lọ tó mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì tí iye rẹ̀ wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ni ó sọ àpò ìjọba di òfìfo, kì í ṣe bíríkìlà ará Gánà. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun tún lé àwọn àjèjì lẹ́ẹ̀kejì. Bí oògùn àkọ́kọ́ bá ti jẹ́, kí ni a tún ń fi èkejì ṣe?

Igbe kan náà ni a ń gbọ́ láti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí a ti kọlu ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọdún 2019. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé láàárín ọdún 1996 sí 2011, òṣìṣẹ́ àjèjì kan a máa mú kí iṣẹ́ bíi méjì ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Èyí kò ṣòro láti yéni: ẹni tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù yóò san owó ilé, yóò gba ọmọ iṣẹ́, yóò sì ra oúnjẹ jẹ.

A kò sọ pé kí ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu, tàbí pé kò sí ọ̀daràn láàárín àwọn àlejò. Kí ìjọba mọ ẹni tí ó wọlé, kí òfin sì mú ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lé àlejò nítorí àìríṣẹ́ṣe, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Kí àwa tí ọmọ wa kún ìlú òkèèrè má ṣe gbàgbé èyí.