Ìwé Orúkọ Àwọn Opó: Iṣẹ́ Ìjọ Lẹ́yìn Ìsìnkú ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Bí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá parí nínú ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, tí àwọn èèyàn ti ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin mélòó kan kì í tíì dìde. Wọ́n á wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, àpò ìrẹsì àti kọ́ńgò á wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, kẹ́ẹ̀gì epo pupa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á sì ṣí ìwé ìkọ̀wé kan tí etí rẹ̀ ti ká, tí epo ti ta sí lára. Orúkọ ló kún inú rẹ̀. Níwájú orúkọ kan, wọ́n á ti kọ ọ́ pé "ọmọ mẹ́rin, àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọmú." Níwájú òmíràn, "òrùlé ń jò." Níwájú ẹ̀kẹta, "owó WAEC." Wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á wọn ìrẹsì, wọ́n á fa igi sí i, wọ́n á pe èyí tó kàn.

Ìwé yẹn kì í dé inú ìròyìn. Ìjà ló ń dé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ tó ti pẹ́ láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun tún ru sókè. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó múlé tì wọ́n. Bí agbófinró bá ti dé, ariwo á rọlẹ̀, àwọn oníròyìn á gba ibòmíràn lọ. Ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn tó máa ń dúró tì í ni àwọn tó ni ìwé tó ká létí yẹn wà. Ó yẹ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ wọn ti wá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ibi tó ti lè wọ́.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni ti Òrólù. Ọ̀nà Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà, wọ́n sì sún mọ́ra débi pé àlejò tó jókòó sínú ọkọ̀ lè má mọ̀gbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ọmọ Ìlobùú ń fẹ́ ọmọ Ifọ́n, wọ́n jọ ń ná ọjà, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ń gbé inú agbo ilé kan náà. Nítorí náà, nígbà tí ìjà dé, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé bá ara wọn níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ wà níhà kan, tí àbúrò tiwọn fúnra wọn wà níhà kejì. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a wò ó. Ìjà ààlà ló ń tú igba èèyàn yẹn ká.

Kí ìjọ tó dé, àdúgbò yìí kò ṣàì mọ ìtọ́jú aláìlágbára. Ọbàtálá ni Ifọ́n mọ̀ ní Òrìṣà Olúfọ́n, abẹ́ ibòji rẹ̀ sì ni Yorùbá fi arọ, abuké àti àfín sí, tí wọ́n ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìlobùú ní Erinlẹ̀, odò àti òrìṣà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwòsàn. Nínú ẹbí, bí ọkọ bá kú, wọn a máa ṣú opó, àbúrò olóògbé á gba ìyàwó àti ọmọ sọ́dọ̀. Àṣà náà ní ìyà tirẹ̀ nínú, pàápàá fún obìnrin tí kò fẹ́ ẹni tí wọ́n fà á fún, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹnu kan kún ìkòkò kan. Bí àṣà yẹn ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ opó ni kò ní ẹni tó máa ṣú wọn, tí wọn kò sì ní ẹni tó máa bọ́ wọn.

Àyè yẹn ni ìjọ bá wọlé. Orúkọ ẹgbẹ́ ń yàtọ̀ láti ìjọ dé ìjọ. Àwọn Áńgílíkà ní Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, èyí tí Mary Sumner dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876. Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ní Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere, àwọn Onítẹ̀bọmi ní ẹgbẹ́ obìnrin tiwọn. Ìyá ìjọ ni olórí ẹsẹ̀ tó ń rìn, díákónì ló sábà máa ń mú àpótí owó lọ́wọ́. Àwọn èèyàn kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní "wẹ́fíà."

Bí òkú bá ṣubú nínú ìjọ, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń dé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹnìkan á gbá àgbàlá, nítorí èrò ń bọ̀. Ẹnìkan á gbé omi ẹ̀kọ kaná. Ẹnìkan á kó àwọn ọmọ lọ sílé aládùúgbò lọ wẹ̀, kí wọ́n má baà wà níbi tí wọ́n ti ń gbé òkú. Ẹlòmíràn á kàn jókòó ti opó, kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin á máa bá ọ̀rọ̀ pósí, sàréè àti mọ́ṣúárì kiri.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kì í fi bẹ́ẹ̀ nira. Oúnjẹ á pọ̀ débi pé wọ́n á máa fún aládùúgbò nínú rẹ̀. Oṣù keje ni kí á wò: ẹni tó ń kí ni "ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn" ti lọ, ìrẹsì ti tán, iléèwé ti wọlé, onílé ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ ìsìnkú kọ́ la fi ń mọ ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa. Bóyá orúkọ obìnrin náà ṣì wà nínú ìwé ní oṣù keje la fi ń mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpọ́sítélì Jákọ́bù fi ìtọ́jú opó àti ọmọ òrukàn ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀sìn tó mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian ará Carthage ní àríwá Áfíríkà kọ ìwé láti gbèjà àwọn onígbàgbọ́. Ó ṣàlàyé pé owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù kò lọ sórí àsè, pé fífún tálákà ní oúnjẹ, sísin òkú wọn àti títọ́ ọmọ tí kò ní òbí ni wọ́n ń ná an sí.

Nítòsí wa níhìn-ín, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ìtàn tó gùn jù. Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn àwọn Onítẹ̀bọmi níbẹ̀ ní 1907. Láyé ìgbà náà, bí ìyá bá kú sórí ìkúnlẹ̀, ìkókó sábà máa ń tẹ̀ lé e, nítorí kò sí wàrà tí wọ́n lè fi dípò ọmú. Nọ́ọ̀sì kan láti Amẹ́ríkà, Ruth Kersey, bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú àwọn ìkókó bẹ́ẹ̀ tọ́, ilé tó dá sílẹ̀ ní 1925 sì ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìkókó tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, ilé ìyá rẹ̀ ló dára jù, bí ẹlòmíràn bá ti lè bá ìyá náà gbé ìdajì ẹrù.

Òfin náà fara mọ́ èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ire ọmọ ni òfin fi ṣáájú ohun gbogbo. Ìjọ tó bá fẹ́ kó ọmọ jọ sábẹ́ òrùlé kan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba, kò sì sí pásítọ̀ tó lè kàn fa ọmọ òrukàn lé ọmọ ìjọ tó ń gbé Èkó lọ́wọ́ pé kó máa lọ tọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn àwo ìfọṣọ àti orí igbá àkàrà ni wọ́n bá ara wọn.

Ibì kan wà tí ìwé ìkọ̀wé nìkan kò ti tó. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ lè so tọkọtaya pọ̀ kó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, opó tó bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́ sì ní ìpín tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Àdúrà ìbùkún lórí ìdána, bó ti wù kó gùn tó, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tàbí òṣìṣẹ́ báǹkì nínú ìjọ lè wúlò fún opó ju àpò ìrẹsì mẹ́ta lọ. Òun ló máa bá a lọ sí báǹkì, òun ló máa bá a lọ wádìí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, òun ló máa sọ fún un pé kó má tẹ̀ka sórí ìwé tí kò yé e.

Ibi tó ti lè wọ́ náà wà. Ìjọ kan lè pe opó síwájú pẹpẹ, kó yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìṣù iṣu méjì, kó gbé e sórí Facebook. Òmíràn lè fi ìrẹsì ṣe ìjẹ, kó yọ orúkọ ẹni tí kò bá wá sí ìsọjí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Mùsùlùmí tí bàbá rẹ̀ kú nínú agbo ilé kan náà ń wo kọ́ńgò láti ojú fèrèsé. Àwọn alásàlátù náà ń tọ́jú opó, sàká sì wà fún aláìní. Ní ìlú tí ẹ̀sìn méjèèjì ti jọ ń gbé, bí àwọn obìnrin oníwèé méjì yìí bá lè fi ìwé wọn wé ara wọn, wọ́n á rí ẹni tí kò sí nínú ọ̀kankan.

Ibi tó wọ́ jù ni ààlà. Àwọn tó rántí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti 1997 sí 2000 mọ̀ pé ìjọ kì í ráyè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, nítorí ọmọ ìjọ ń sunkún níhà méjèèjì. Nínú ìjọ tó wà ní Ìlobùú, ṣé wọn ò ní fo orúkọ opó tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ifọ́n? Nínú èyí tó wà ní Ifọ́n, ṣé ẹni tó wá láti Ìlobùú á lè na ọwọ́ gba ìrẹsì láìwo ẹ̀yìn?

Àwọn tó ka orí kẹfà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ̀ pé irú ìbéèrè yìí ló bí ipò díákónì. Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́, wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn, wọ́n sì ń rántí àwọn opó Hébérù. Wọ́n yan ọkùnrin méje láti máa bójú tó o. Ẹ wo orúkọ wọn: Sítéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórì, Tímónì, Pámẹ́nà àti Níkóláù. Orúkọ Gíríìkì ni méjèèje. Ìjọ náà kò kàn bẹ àwọn tó ń kùn kí wọ́n ní sùúrù. Ó kó ìwé orúkọ lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa pín in.