Ìlú Tí Omi Ẹ̀rọ Rẹ̀ Kì Í Dá

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé omi kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Phnom Penh, olú-ìlú Kàǹbódíà ní ilẹ̀ Éṣíà.

Odò ńlá wà létí ìlú yìí. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun ọ̀pọ̀ ọdún, ní 1993, omi kì í yọ ju nǹkan bí wákàtí 10 lọ lóòjọ́, ilé tó ní ẹ̀rọ omi kò sì ju nǹkan bí 27,000 lọ. Kí ló fà á? Nínú garawa 100 tí ilé iṣẹ́ omi ń pọn, 72 ni kò mú owó wọlé. Òmíràn ń jò dànù lábẹ́ ilẹ̀, òmíràn ni wọ́n ń jí fà, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì lọ́wọ́ sí i. Tálákà tí kò ní ẹ̀rọ nílé ló wá ń ra omi ní ọ̀wọ́n.

Ọdún náà ni Ek Sonn Chan di ọ̀gá ibẹ̀. Ó fi mítà sí ilé olówó àti mẹ̀kúnnù, ó tún páìpù ṣe, ó sì lé àwọn tó ń jalè. Ọ̀gágun kan na ìbọn sí i nítorí mítà. Ó padà lọ gé omi rẹ̀. Wọ́n tún bá àwọn tálákà san lára owó tí wọ́n fi ń fa omi wọlé, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀.

Nígbà tí ó fi di 2008, omi tó ń ṣòfò kò ju nǹkan bí 6 nínú 100 lọ, ilé tó ju 170,000 ló ní ẹ̀rọ, omi sì ń yọ tọ̀sán-tòru.

Ẹ má ṣe rò pé ìrọ̀rùn nìkan ni èyí. Bí omi bá dá, páìpù a ṣófo, ìdọ̀tí ilẹ̀ a sì gba ojú ibi tó sán wọlé. Ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ wa a tibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń ti páìpù láti inú nígbà gbogbo, ìdọ̀tí kò ní rí àyè wọlé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa san owó omi wa, kí a fi ẹjọ́ páìpù tó ń jò sùn, kí a má sì jí omi fà. Bí aládùúgbò bá sì ń jí i, kí a bá a wí. Omi tí ẹnì kan jí, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ru garawa lọ wá a.