Bẹ́ǹṣì Ṣófo ní Sapele Road: Níbo Làwọn Èèyàn Wa Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ilé tàbí ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, a sì mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́bàá Sapele Road tá a ti ń sìn látìgbà tá a ti dé ìlú yìí. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ohun tá a fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá, láti Ring Road títí lọ dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà. Àwọn òbí wa ló dá a sílẹ̀, àwọn tíṣà, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò tó wá síbí nígbà tí Ìbàdàn ṣì ń ṣàkóso Ìbíní, kí wọ́n tó dá Mid-West sílẹ̀ ní 1963. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá pẹ́ dé lọ́jọ́ Àìkú, ìdúró ló máa dúró. Àwọn ọmọdé á jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn ìyá oníṣòwò aṣọ á wé gèlè débi pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn wọn kò ní rí àlùfáà. Lónìí, a ti kó bẹ́ǹṣì mẹ́rin tó wà lẹ́yìn kúrò, torí pé kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ akọrin ku èèyàn méje. Ohùn wọn ṣì dùn o, àmọ́ mẹ́rin nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Lóṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìjọ pe ìpàdé. Wọ́n ní ká fòpin sí ìsìn Yorùbá, ká dà á pọ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí owó epo jẹnẹrétọ̀ lè dín kù. Àwa náà wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún, a ò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò nítumọ̀. Bàbá kan dìde, ó ní àwọn ọmọ wa ti padà sẹ́yìn, ayé ti gbà wọ́n lọ. Gbogbo ilé ṣe "Àmín" bí ẹni pé àdúrà ló gbà. Àfi ìyá kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tẹ́ ẹ ní wọ́n padà sẹ́yìn yìí, ta ló ti lọ bá wọn nílé nínú yín?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n sún ìpàdé síwájú, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ká má purọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni bẹ́ǹṣì ti ń ṣófo. Nínú ètò ìkànìyàn ilẹ̀ England àti Wales lọ́dún 2001, nǹkan bí èèyàn méjìléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní Kristẹni. Nígbà tó di 2011, ó ti wálẹ̀ sí mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ní 2021, mẹ́rìndínláàádọ́ta péré ló kù. Amẹ́ríkà náà ń tọ̀nà kan náà bọ̀: àwọn oníwàádìí Pew rí mejìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní 2007, wọ́n rí méjìlélọ́gọ́ta ní 2023 sí 2024. Àwọn tó gbé Bíbélì wá fún wa ló ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ra òmíràn nínú ilé ìjọsìn ọ̀hún, tí wọ́n ń fi dùrù àti ìlù gángan sọ ọ́ di ààyè padà.

Èyí ló máa ń mú kí àwọn èèyàn wa sọ pé ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n á ní ẹ wo Sapele Road, ẹ ka pátákó ìjọ tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó dé bypass. Òótọ́ ni, pátákó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kún inú ìjọ tuntun, inú ìjọ àtijọ́ ni wọ́n ti wá. Tí omi bá ti inú garawa kan bọ́ sínú òmíràn, èèyàn ò lè sọ pé òjò ló rọ̀.

Ẹ̀sìn Kristi sì ti wọ ìlú Ìbíní rí, tó tún jáde. Láti 1486 ni João Afonso d'Aveiro, ará Potogí, ti dé ààfin. Ní 1514, Ọba rán ikọ̀ lọ sí Potogí, wọ́n béèrè àlùfáà, wọ́n sì béèrè ìbọn àgbá. Ọba Manuel fèsì pé bí òun bá kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ti di Kristẹni rere, òun á ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn àlùfáà gúnlẹ̀ ní 1515, ojú ogun ni wọ́n bá Ọba. Nígbà tó di 1516, ará Potogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pires kọ̀wé sílé pé Ọba ti ní kí ọmọ òun àti ọmọ àwọn ìjòyè ńlá di Kristẹni, kí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ìlú. Ọba Esigie ni ìtàn Ẹ̀dó ka gbogbo èyí sí lọ́rùn.

Ẹ máa rántí pé nígbà yẹn, ó ku ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí àwọn míṣọ́nnárì CMS tó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ìbíní ṣáájú wa nínú rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ọba Potogí tún rán àwọn mìíràn wá ní 1538, wọn ò rí etí gbọ́ ọ láàfin. Àwọn àlùfáà Kapuṣíìnì láti ilẹ̀ Sípéènì wá ní 1651, ńṣe ni wọ́n lé wọn jáde. Ohun tó ṣẹ́ kù ni Aruosa, tí Ọba Akenzua Kejì tún gbé dìde láàárín àwọn ọdún 1940, tí ilé ìjọsìn rẹ̀ wà ní Akpakpava dòní, tí wọ́n ti ń sin Osanobua lọ́nà ti Ẹ̀dó. Lójú tiwa o, ẹ̀sìn tó ń retí ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí ìbọn ò dé, kí ni wọ́n fẹ́ dúró ṣe?

Ẹ fi ìyẹn wé ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ni kí ìsọjí Òkè-Oòyè tó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930. Ní 1932, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà níbí, ní Ìbíní, nítorí ìwàásù tó ṣe tako àwọn àjẹ́ ní Otuo. Ó ṣẹ̀wọ̀n náà tán, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tọ àwọn èèyàn lọ níbi tí wọ́n wà ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ru àwọn ìjọ olóhùn gooro. Wọ́n ní láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Benson Idahosa, tó kú ní 1998, ni Church of God Mission ti ń kó àwọn ọmọ wa lọ. A ò gbà. Ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ wa nítorí pé ó rí ibi tó ti gbọ́ ìwàásù yé, ọmọ náà ò padà sẹ́yìn. Ta ló sì gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀? Àwa náà ni. Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin la fi tọ́ wọn nílé, ká lè sọ pé wọ́n lajú, tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, a fẹ́ kí wọ́n lóye ìwé Jóòbù nínú Bíbélì tí wọ́n parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884. Ọmọ á máa sùn, a ó máa gbá a lórí.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Ní 2017 tí Ifẹ́dayọ̀ Olárìndé, oníròyìn rédíò tí wọ́n ń pè ní Daddy Freeze, gbé àríyànjiyàn ìdámẹ́wàá dìde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn àgbà ìjọ wa bú u. Àwọn ọ̀dọ́ kò bú u. Wọ́n ń gbọ́ ọ, torí ohun tó ń bi wọ́n ni wọ́n ti ń bi ara wọn tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé ní 2020, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì rí i pé ọjọ́ Àìkú lè kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè wọn. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, wọn ò wá mọ́.

Ohun tó dùn wá jù nìyẹn, pé ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn. Bàbá kan wà tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Santana. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe adènà nínú ìjọ wa, òun ló ń fi àwọn àlejò jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n dá a dúró sí Central Hospital, tó wà ní Sapele Road yìí kan náà nígbà yẹn. Láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko lobìnrin náà lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé owó ìkórè tí wọ́n bù fún bàbá náà nìkan ló ti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá a níbẹ̀. Nígbà tá a béèrè ohun tó dé tá ò rí i mọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú sí Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni mo bínú sí." Aago márùn-ún ìdájí lòun àti ìyàwó rẹ̀, tí ara rẹ̀ ti yá, ń jí gbàdúrà lójoojúmọ́. Nínú ìwé orúkọ ìjọ, ẹnì kan ti kọ "apadàsẹ́yìn" síwájú orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa.

Ẹ wò ó bí ọ̀nà yìí ṣe rí. Ọsibítù wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga wà níbẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa, ẹgbẹ́ obìnrin máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ìsìn. A ò lè rántí ọdún tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn.

A ò sọ pé kò sí ẹni tó kúrò nínú ìgbàgbọ́ ní tòótọ́. Ọmọkùnrin kan tó kàwé jáde ní UNIBEN sọ fún wa lójú ara wa pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. Ó ní, "Dádì, wọ́n kéde lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú pé Mọ́mì ti rí ìwòsàn. Wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́. Mọ́mì kú ní Ọjọ́rú, ẹni tó kéde ọ̀hún ò sì dé ibi ìsìnkú." A fẹ́ fi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà há sí wa lọ́fun. A bá a jókòó títí iná fi dé. Títí dòní, òun ló máa ń tẹ̀ wá láago láti béèrè àlàáfíà wa.

Ní Sátidé méjì sẹ́yìn, àwa, ìyá tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn àti ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin gbé ìwé orúkọ àtijọ́, a wọ kẹ̀kẹ́. Orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀ tá ò rí mọ́. Ní ilé àkọ́kọ́, bàbá onílé yọjú lójú fèrèsé, ó rí wa nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ kí wa kó tó béèrè pé, "Ta ló kú?"

Ìyá dá a lóhùn pé, "Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ẹ̀yin la wá kí."

Ó dúró pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó bu omi fún wa, ó rán ọmọ lọ ra mínírà. Ilé mẹ́fà la dé lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì ní àwọn á wá. Ẹnì kan ní òun ò ní wá láéláé, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ẹnì kan ti kó lọ sí Èkó. Òjò dá wa dúró sí ilé karùn-ún títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Onírànṣọ Santana ni ẹni kẹfà. Kò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní wá, àmọ́ ó wọn ọrùn ọwọ́ ọmọbìnrin akọrin náà, ó ní aṣọ akọrin tó wọ̀ ti tóbi jù fún un.

A ti bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan ìsìn Yorùbá títí a ó fi dé ilé márùndínlógójì tó kù. Wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ibi táwọn ará wa àtijọ́ kó lọ, kó wá rí wa lẹ́yìn ìsìn. Sátidé yìí la tún ń jáde, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá ní ká má gbàgbé agboòjò.