Test, Assessment, Exam: Kí Ni Ilé-Ìwé Ń Sọ Nípa Ọmọ Yín?

Ní ìparí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ wa ní Àgbàdo àti káàkiri Alímọ̀ṣọ́ máa ń mú ìwé èsì bọ̀ wálé. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń wò ni ipò: ipò kejì ni àbí ipò kejìlá? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin kan máa ń wà nínú àwọn ìwé tí ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́: "test", "exam", "assessment" àti "evaluation". "Ìdánwò" ni a sábà máa ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Òbí tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lè máa na ọmọ nígbà tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́.

"Test" ni ìdánwò kékeré tí olùkọ́ ń ṣe láàárín sáà, lórí ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì. Bó bá jẹ́ ìbéèrè díẹ̀ tí wọ́n dáhùn kíákíá, "quiz" ni wọ́n ń pè é.

"Exam" ni ti àṣekágbá, tí ìpinnu ńlá ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà nínú orúkọ WAEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, àti nínú orúkọ BECE tí àwọn ọmọ JSS 3 ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń pe ti WAEC ní "quiz".

"Assessment" gbòòrò ju méjèèjì lọ. Gbogbo ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà mọ ibi tí ìmọ̀ ọmọ dé ló wà nínú rẹ̀: test, iṣẹ́ àṣetiléwá, àti bí ọmọ ṣe ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Òun ni "A" tó wà nínú "C.A.", èyí tó túmọ̀ sí ìgbéléwọ̀n tí kò dáwọ́ dúró. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ọdún 1977 ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò máa ṣe ìdájọ́ ọmọ.

"Evaluation" ni ìdájọ́ tó gbẹ̀yìn: kí ni gbogbo èsì yìí fi hàn, kí ló sì yẹ ká ṣe? A lè ṣe evaluation olùkọ́, ìwé tàbí ètò ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn nìkan ló ń jókòó ṣe exam.

Ẹ wo ilé-kéwú. Ojoojúmọ́ ni aáfà ń gbọ́ kíké ọmọ lórí wàláà, tó ń tọ́ ọ sọ́nà: assessment nìyẹn. Kì í dúró di ọjọ́ wòlímọ̀ kó tó mọ̀ pé ọmọ kò tíì mọ álífù yàtọ̀ sí láàmù. Bó bá wá pinnu pé kí ọmọ bọ́ sí ìpele tó kàn, evaluation nìyẹn. Nínú Súrà An-Nisāi, āyah kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí alágbàtọ́ máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó. Bó bá rí i pé làákàyè wọn ti gún, kó dá dúkìá wọn padà fún wọn. Ìdánwò ṣáájú, ìpinnu tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, C.A. gba máàkì 40, exam gba 60. Ọmọ tó gba 50 nínú exam ṣùgbọ́n tó gba 12 péré nínú C.A. yóò ní 62. Èyí tó gba 38 nínú exam àti 34 nínú C.A. yóò ní 72. Ẹni tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "test lásán ni" ti bá a sọ máàkì nù.

Nítorí náà, bí máàkì test bá kéré, ẹ má tíì mú pàṣán. Àsìkò ṣì wà: ẹ béèrè ohun tí kò yé e, kí ẹ sì lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí C.A. bá kéré, ẹ wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àti iye ọjọ́ tó pa ilé-ìwé jẹ. Bí ilé-ìwé bá ní ọmọ yóò tún kíláàsì kà, ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò hàn yín.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa. Āmīn.