Edé Inú Gíláàsì: Ẹ Dá A Mọ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Admin yín ni. Àwọn kan ní dátà àwọn ò gbé voice note àná, ìdí nìyí tí a fi tẹ̀ ẹ́ síbí.

Ẹ̀yin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ni mò ń bá wí. Kì í ṣe edé ọbẹ̀ o! Edé òkun tí àwọn olówó ń sìn fún ẹwà ni. Ọjà olówó ńlá ni, tó bá sì kú, kò ṣeé gbà padà.

Cleaner shrimp: ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ìlà funfun kan là á láàárín. Ó máa ń mú kòkòrò kúrò lára ẹja.

Coral banded: pupa àti funfun lórùka-lórùka, ọwọ́ rẹ̀ gùn. Oníjà ni. Ẹ má kó méjì pọ̀, àfi tí wọ́n bá jẹ́ tọkọtaya.

Ibi tí wọ́n ti ń lu èèyàn ní jìbìtì rèé: peppermint àti camel. Oníbàárà ń wá peppermint torí ó ń jẹ Aiptasia, nǹkan olóró tó ń hù lórí òkúta. Camel ní tiẹ̀, coral oníbàárà gan-an ló máa jẹ! Ara peppermint mọ́ gaara, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀. Camel ní iké lẹ́yìn, ìlà àti àmì funfun sì wà láàárín pupa rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí funfun yẹn, ẹ má sanwó peppermint.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Kí iyọ̀ omi wà ní nǹkan bí 1.025, kí ooru rẹ̀ wà láàárín 24 sí 27. Tó bá dé láti ọ̀nà, ẹ má dà á sómi lójijì. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ máa kán omi gíláàsì sínú omi tó bá a wá, bíi wákàtí kan. Tí NEPA bá mú iná, ẹ ní pọ́ọ̀ǹpù oníbátìrì nílẹ̀.

Oògùn ẹja tó ní bàbà nínú, májèlé ni fún edé. Ẹja tó ń ṣàìsàn, inú gíláàsì mìíràn ni kí ẹ ti wò ó.

Ẹ sọ fún oníbàárà pé edé máa ń bọ́ èèpo. Tó bá rí èèpo nílẹ̀, kó má tíì pariwo pé ó kú. Edé náà sá pamọ́ ni, torí ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan, á jáde.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀. Ọjà á tà o.